Òkúta Tí Wọ́n Tún Ṣe

Sábó, Sàríà,
Ìrọ̀lẹ́ Àlàmísì.

Múínátù Àníkẹ́, ọmọ mi,

Ṣé òtútù Jọ́ọ̀sì ò pọ̀ jù fún ọ? Máa wọ súwẹ́tà tí mo fi rán ìyàwó Yínúsà sí ọ, bí àwọ̀ rẹ̀ ò tiẹ̀ wù ọ́. Ara mi le, àfi orúnkún tí o ti mọ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Mi ò gbé e fún Yẹkínì tó máa ń bá mi kọ ọ́, torí náà bí o bá rí i tí ìlà ń gòkè tó tún ń sọ̀ kalẹ̀, ibi tí kíláàsì àwọn àgbà bá mi dé nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí mo lè jókòó máa pè fún ọmọ ọlọ́mọ kó máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní Àtìní. Mo kà á dé ibi tí o ti ní wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́, pé ìwọ ni wàá máa ra òkúta tí wọn ò tíì gé fún ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé e, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́ di ìlẹ̀kẹ̀ àti ojú òrùka. Mo dìde, mo gbé lẹ́tà náà lọ fi han ìyàwó Alájì níwájú ilé, obìnrin tí kò kàwé rí. Ó ń yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń ra àǹkárá. Mo ní iṣẹ́ bàbá rẹ ló bọ́ sí ọ lọ́wọ́ yìí. Ó gbàdúrà fún ọ, mo ṣe àmín.

Mo padà wọlé, mo gbé tùwó mi síwájú, mo ń ka ìyókù. Nísàlẹ̀ ojú ìwé kejì, o ní: “Mo ti bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀, yóò máa tẹ̀ lé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn Haúsá, kó máa bá mi gbọ́ ohun tí wọ́n bá ń sọ, torí ẹ̀yin náà mọ̀ pé etí mi ò dáa.” Mo ti àwo tùwó náà kúrò níwájú mi. Ìwọ tí wọ́n bí sí Sábó níbí, tí o máa ń fi Haúsá sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ọjọ́ kẹrin rèé tí gbólóhùn yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn.

O bi mí pé kí ni àwọn orúkọ tí àwọn tó ń ta òkúta máa ń kọ sára àpò túmọ̀ sí. Màá sọ fún ọ. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ra òkúta fún bàbá rẹ, kò sì sí irú ìwà òmùgọ̀ tí mi ò hù nídìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí o ò bi mí. Màá sọ òun náà kí n tó gbé bíró yìí sílẹ̀.

Èkínní, ɗanye. O mọ̀ pé ohun tí Haúsá ń pe ẹran tútù nìyẹn. Lára òkúta, ó lè túmọ̀ sí ohun méjì, àwọn tó ń tà á kì í sì í sọ èyí tí wọ́n ní lọ́kàn. Ẹni tó wú u nílẹ̀ lánàá ń pè é ní ɗanye. Ẹni tí kò fi iná kàn án rí náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bàbá rẹ, mo ra agbọ̀n kan nítòsí ilé ìtajà PZ lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ní ɗanye ni, mo sì gbé e délé tayọ̀tayọ̀. Bàbá rẹ, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní Ìlọrin, máa ń bo òkúta mọ́nú eérú gbígbóná kó lè pọ́n kó tó gé e fún lántànà, ìlẹ̀kẹ̀ pupa tiwa yẹn. Òun ò mọ̀ pé ẹnì kan ti yan eléyìí ṣáájú. Bí eérú ṣe gbóná, ohun tí a gbọ́ ni pá, pá, pá, òkúta ń fò káàkiri àgbàlá, àwọn ará ilé sá jáde láìwọ bàtà. Bàbá rẹ dúró sáàárín èéfín, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú, ó ní, “Àwẹ̀ró, ṣé òkúta lo rà ni àbí ọta ìbọn?” Ó sì rẹ́rìn-ín títí. Mo fẹ́ kí o rántí ẹ̀rín yẹn, torí kò ní pẹ́ tí màá fi sọ fún ọ nípa ọjọ́ tí ẹ̀rù rẹ̀ bà mí láìnídìí.

Kí o má rò pé iná burú lára òkúta. Bàbá rẹ fúnra rẹ̀ ń lò ó. Ohun tó burú ni kí o má mọ̀. Bi ẹni tó ń tà á pé, “Ṣé ó jáde nílẹ̀ láìpẹ́ ni, tàbí kò rí iná rí?” Kó dáhùn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn náà kí o ní kó jẹ́ kí o ṣẹ́ etí ẹyọ kan. Bí ó bá jẹ́ ara rẹ̀ nìkan ló pọ́n, tí inú rẹ̀ ò pọ́n, wọ́n ti fi iná tàbí aró bá a sọ̀rọ̀.

Èkejì, zaɓaɓɓe. Èyí tí a ṣà. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, òun ló sì tàn mí jẹ jù nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. Ọkùnrin kan ní Gyellesu máa ń ta òkúta nínú ilé rẹ̀. Ó ní zaɓaɓɓe ni, mo san owó zaɓaɓɓe. Ó pẹ́ kí n tó ronú láti bi í pé ta ló ṣà á, ta sì ni wọ́n ṣà á fún. Àṣé àwọn oníbàárà rẹ̀ láti Kánò ló ti wá ṣà, ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ ló kó sápò fún èmi. Òun ò parọ́, wọ́n ṣà á lóòótọ́. Nígbà mìíràn, èyí tí wọ́n kọ gauraye sí lára, ìyẹn èyí tó pò mọ́ra wọn bó ṣe ti ilẹ̀ jáde, máa ń sàn ju zaɓaɓɓe lọ, torí pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò tíì bọ inú ẹ̀. Èyí tó wù kó jẹ́, da àpò náà sórí ẹní, kí o rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń to èyí tó dára sókè, èmi náà máa ń ṣe é nígbà tí mo ń ta tòmátì.

Orúkọ ìlú ńkọ́? Ìyẹn ò ṣòro. Orúkọ ìlú tí wọ́n bá kọ sára àpò ni orúkọ ibi tí lọ́rì dúró sí. Wọ́n ti ta òkúta tí wọ́n kọ “Bomo” sí lára fún mi rí, èmi tí mo mọ Bomo bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé, tí mo mọ̀ pé àgbàdo, tòmátì àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá ló wà níbẹ̀. Mo ní, “Òkè wo ni wọ́n ti wú u ní Bomo?” Ọkùnrin náà wò mí, ó ní, “To, Mama, ibẹ̀ ni mo sùn.” Nísinsìnyí tí o wà ní Jọ́ọ̀sì, má jẹ́ kí wọ́n kọ Jọ́ọ̀sì fún ọ. Béèrè òkè, béèrè odò, béèrè ẹni tó gbẹ́ ẹ.

Wankakke ni wọ́n ń pe èyí tí wọ́n fọ̀. Òkúta tí omi wà lára ẹ̀ máa ń dán, gbogbo ẹ̀gbin ojú ẹ̀ a sì fara pamọ́. Kí o jókòó, kí o bá wọn tàkùrọ̀sọ, kí o mu omi, kí o jẹ́ kó gbẹ kí o tó sọ iye tí wàá san. Bí kò bá tètè gbẹ, fi áńkáṣíìfù nù ún, kí o gbọ́ òórùn rẹ̀. Mo ti gbọ́ òórùn òróró ẹ̀pà lára òkúta rí, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ dín in.

Ó ku gyararre, èyí tí wọ́n tún ṣe.

Mo mọ̀ pé mo ti ń fi àwọn tó kù fa ẹsẹ̀ nílẹ̀. Bí mo ṣe ṣe é láti ọdún mẹ́sàn-án wá nìyẹn, máa sọ ti òní, máa sọ ti àná, kí n má baà sọ èyí.

Ọdún tí náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí gbogbo wa ṣì ń ṣèèṣì pè é ní pọ́n-ùn, o jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Alájà Sífáwù, tó jẹ́ àgbà láàárín àwa ará Ìlọrin ní Sábó, fẹ́ fa ọmọ rẹ̀ fún ọkọ. Ó ní ìlẹ̀kẹ̀ òkúta ni ọmọ òun máa wọ̀, ti ọrùn àti ti ọwọ́ méjèèjì, bàbá rẹ ni yóò sì ṣe é. Láti ìgbà tí ìlẹ̀kẹ̀ rọ́bà ti kún ọjà, ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá bá a. O rántí bí inú rẹ̀ ṣe dùn. Ó fọ ọlọ tó fi ń lọ òkúta, ó pọ́n irin tó fi ń lu ihò, ó ní kí a lọ wá òkúta tó pọ́n jù lọ.

Èmi pẹ̀lú rẹ la jọ jáde. Haúsá tèmi ò ju kí n kí èèyàn, kí n ná ọjà, kí n sì bá èèyàn jà lọ. Ìwọ ni o máa ń bá mi sọ ìyókù láti ìgbà tí o ti pé ọdún márùn-ún. A bá Ìdí lẹ́yìn ọjà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Mai Dutse torí òkúta tó ń tà. Ó tú àpò kan fún wa. Mi ò rí òkúta tó pọ́n tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìwé kékeré kan wà lẹ́nu àpò náà tí ó fi okùn so. Ìdí mú òkúta kan dání, ó wojú rẹ, kò wojú mi.

“Ki gaya wa mamarki, an gyara shi.”

O yíjú sí mi. “Ìyá, ó ní kí n sọ fún yín pé wọ́n ti tún un ṣe.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀.”

“Ṣé kí n bi í pé kí ni wọ́n tún ṣe níbẹ̀?”

Mo ní, “Ìbéèrè rẹ ti pọ̀ jù. Ṣé o ò rí obìnrin tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún yẹn ni? Ṣé kó wá gbà á mọ́ mi lọ́wọ́?”

Ohun tí mo gbọ́ ni pé wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti ṣán etí rẹ̀ kúrò, bí a ṣe ń tún ilé ṣe, bí a ṣe ń tún irun ṣe. Èdè wa fàyè gbà mí láti gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó bàjẹ́, a máa ń tún un ṣe. Ohun tí kò bàjẹ́, a tún máa ń tún un ṣe. Haúsá náà ń lo gyara fún méjèèjì. Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà sọ ni o gbé fún mi gẹ́lẹ́, o ò yọ nǹkan kan kúrò. O tiẹ̀ mọ̀ pé ìbéèrè kan kù. Èmi ni mi ò jẹ́ kí o bi í.

Ìdí tú ìwé ẹnu àpò, ó nà án sí mi. Mo so ó mọ́ etí ìró mi pẹ̀lú ṣéńjì, mi ò tún ronú kàn án mọ́.

Bàbá rẹ gé òkúta náà, ó lọ̀ ọ́, ìwọ jókòó lórí àpótí kékeré rẹ, o ń bu omi sí ọlọ fún un. Nígbà tó di pé ó ń lu ihò sí i ni nǹkan bí oje ń yọ jáde lára rẹ̀. Òkúta là sí méjì. Ó mú òmíràn, òun náà là. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi ń gbìyànjú, èyí tó yọ láyọ̀ nínú gbogbo àpò ò tó ti ọwọ́ kan. Ìlẹ̀kẹ̀ àyálò ni ọmọ Alájà wọ̀ lọ sílé ọkọ. Alájà ò bú wa. Ó kàn ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sí mọ́sáláṣí ni, kó má baà kọjá níwájú ilé wa.

Bàbá rẹ pè mí. Kò pariwo. Ó ní, “Kí ni ọkùnrin yẹn sọ nígbà tó ń tà á fún ọ?”

Mo ní, “Múínátù ló gbọ́ ọ. Ó ní wọ́n ti tún un ṣe dáadáa.”

Dáadáa. Ìdí ò sọ ọ́. Ìwọ ò sọ ọ́. Èmi ni mo fi kún un, lójú kan náà, láìronú, kó lè dà bí ẹni pé kò sẹ́ni tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò ní rà á. Bàbá rẹ tí kò lù mí rí, tó fi ẹ̀rín gba òkúta abúgbàù lọ́wọ́ mi, òun ni mo bẹ̀rù. Títí dòní mi ò mọ ohun tí mo rò pé yóò ṣe fún mi.

O dúró lẹ́nu ọ̀nà, o gbé ike omi dání. O wò mí. Mo rò pé wàá ní irọ́ ni. O wolẹ̀, o ní, “Bóyá mo ṣì í gbọ́.” Ọmọ mi, mo gbọ́ ọ tí o sọ bẹ́ẹ̀, mo sì dákẹ́.

Ibẹ̀ ni bàbá rẹ ti ní, “Ọmọ yìí ò gbọ́ Yorùbá mọ́. Haúsá ti gba gbogbo etí rẹ̀. Kó lọ bá ìyá mi ní Ìlọrin, kó lọ kọ́ èdè.”

Ní ọjọ́ kẹta ni mo ń fọ ìró yẹn, tí ìwé náà já bọ́. Ọwọ́ kéwú ni wọ́n fi kọ Haúsá rẹ̀, mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ Àfáà Gárúbà. Ó kà á síta: “Jan dutse. Gyararre. An cike tsaga da ƙaro.” Ó ní òkúta pupa ni, pé ó ti sán tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fi oje igi dí gbogbo ojú ibi tó sán. Ó dá ìwé náà padà fún mi, ó ní, “Ta ló tà á fún yín? Olóòótọ́ èèyàn ni o.”

Ọjọ́ mẹ́rin ṣì kù kí ọkọ̀ ojú irin tó gbé ọ lọ. Mo dé ilé, mo fẹ́ sọ ọ́. Mo ní ká jẹun tán ná. A jẹun tán, mo ní kí bàbá rẹ kírun tán. Ó kírun tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí di àpótí aṣọ rẹ, ó ń fi okùn yí i po, ó ní kí n bá òun di ẹnu okùn kejì mú. Mo dì í mú. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe lọ.

Ní tésàn, Tàláátù ọ̀rẹ́ rẹ wá sìn ọ́. O fi Haúsá dá gbére fún un, lẹ́yìn náà o fọwọ́ bo ẹnu, o wo bàbá rẹ bí ẹni tó jí nǹkan. Mo rí i.

Kò pé oṣù méjì tí o lọ ni Ìdí gbé òkúta mìíràn wá sí iwájú ilé wa, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń kí wa. Bàbá rẹ jáde sí i, ó pè é lólè níṣojú gbogbo àdúgbò. Ìdí ò bínú lákọ̀ọ́kọ́. Ó ní, “Haba, Baba. Ku tambayi yarinyar.” Ẹ bi ọmọbìnrin yẹn. Ó ń wò káàkiri, ó ń wá ọ. Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé kí wọ́n bi ọ́. Ìwọ wà ní Ìlọrin. Èmi dúró lẹ́yìn bàbá rẹ, ìwé ọkùnrin yẹn wà nínú ìdì ìró mi, mi ò sì yọ ọ́. Ó gbé àpò rẹ̀ lérí, ó lọ. Kò ta nǹkan kan ní àdúgbò wa mọ́.

Nígbà tí o kọ́kọ́ padà wá fún Iléyá, gbogbo èèyàn ní Yorùbá rẹ ti dùn. Tàláátù sáré wọlé wá bá ọ, ó ń da Haúsá sílẹ̀ bí o ṣe máa ń dà á tẹ́lẹ̀. O ń fi Yorùbá dá a lóhùn, o ń rẹ́rìn-ín, o ń tijú. Nígbà tó lọ, o bi mí pé kí ló sọ níparí. O ń bi èmi. Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún, mo sì jáde wá sọ fún ọ pé èéfín ló wọ̀ mí lójú.

Bàbá rẹ ò fẹ́ fìyà jẹ ọ́, kí o mọ ìyẹn. Ó rò pé òun ń tún ọ ṣe ni. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lórí àpótí rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ. Ìgbà tí ara rẹ̀ ò yá mọ́, ó bi mí pé, “Ṣé ọmọ yẹn ṣì fẹ́ràn òkúta?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo tún láyè láti sọ ọ́ nígbà náà, mi ò sọ ọ́. Ó kú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ “dáadáa” yẹn lọ́kàn rẹ̀, ó gbà pé ọmọ òun ló ṣì í gbọ́. Èyí ni mi ò lè tún ṣe, Àníkẹ́. Mo máa ń sọ ọ́ fún un lẹ́yìn ìrun, ṣùgbọ́n kò dà bí ìgbà tó wà níwájú mi.

Ó dáa. Jẹ́ kí n parí iṣẹ́ tí o bẹ̀ mí. Gyararre kì í ṣe ohun tí o máa sá fún. Ẹni tó bá kọ ọ́ sára àpò rẹ̀ ti bá ọ sọ òótọ́. Kí o bi í pé kí ló bàjẹ́ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ni wọ́n sì fi tún un ṣe. Mú ẹyọ kan, rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́ láti àárọ̀ di ọ̀sán, bí omi bá ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ, oje ni. Gbé e sójú oòrùn, kí o wò ó bóyá ìlà tó wà lára rẹ̀ ń kọ mànà ju ibi tó kù lọ. Má fi irú rẹ̀ ṣe ohun tí wọ́n máa lu ihò sí. Ó lè di ohun pẹlẹbẹ tí wọn ò ní fi iná tàbí irin yọ lẹ́nu. Bí o bá rà á, kọ ọ́ sára àpò tìrẹ náà kí ọ̀gá rẹ rí i. Èyí tí wọn ò bá kọ nǹkan kan sí lára rárá ni kí o bẹ̀rù.

Bí o bá pàdé Ìdí Mai Dutse ní apá ibẹ̀, bá mi kí i. Wọ́n ní Jọ́ọ̀sì ló kó lọ. Sọ fún un pé obìnrin Sábó ní ìwé rẹ̀ tọ̀nà. Mo ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún àbúrò bàbá rẹ ní ọ̀sẹ̀ yìí, èmi àti òun nìkan. Ó ní kí n kọ ọ́ sí ọ fúnra mi, kí n má sì rán òun.

Ìwé ẹnu àpò náà wà nínú àpòòwé yìí. Ó ti gbó ní ibi tí mo ṣẹ́ ẹ sí. O kọ́ kéwú, o lè kà á fúnra rẹ. Ohun tó wà níbẹ̀ náà ni o sọ fún mi lẹ́yìn ọjà lọ́jọ́ yẹn. O ò ṣì í gbọ́. Kò sí ọjọ́ kan tí o ṣì mí gbọ́ rí. Bí o bá fẹ́ kí ọkùnrin yẹn máa tẹ̀ lé ọ kó lè bá ọ gbé àpò, gbà á, ṣùgbọ́n má gbà á fún etí. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ, ọmọ mi. Bí kò bá tíì rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti fún mi, mi ò ní dá ọ lẹ́bi.

Ohun kan ni mo fẹ́. Nígbà tí o bá fẹ́ dá mi lóhùn, Haúsá ni kí o fi kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ èébú, kọ ọ́. Màá gbé e lọ sọ́dọ̀ Àfáà Gárúbà kó túmọ̀ rẹ̀ fún mi, ohun tó bá sì ní o sọ ni màá sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ kan kún un.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àwẹ̀ró.